Ìdáhùn: "òpópónà àwòrán" kọ́, ipa ọ̀nà ni

Ẹ̀yin àgbà èdè, mo kí yín o.

Ẹ̀gbọ́n wa tó kọ̀wé lánàá ní kí á máa pe ohun tí a ń kọ sínú url(), ibi tí a ti ń júwe ibi tí àwòrán wà, nínú CSS (èdè tí a fi ń ṣe ojú ewé ayélujára lọ́ṣọ̀ọ́) ní "òpópónà àwòrán", pé á tètè yé ọ̀gbẹ̀rì. Pẹ̀lú ọ̀wọ̀, mi ò gbà. Òpópónà kan náà ni fún gbogbo ẹni tó ń gbà á. Ohun tó wà nínú url() kò rí bẹ́ẹ̀. Ibi tí èèyàn ti gbéra ló ń sọ ọ́ di òótọ́ tàbí irọ́. Ipa ọ̀nà ló tọ́, ohùn àárín méjì lórí "ipa". Ẹnìkan ti kọ "ipá ọ̀nà" níbí lẹ́ẹ̀mẹta. Agbára ni ipá, kò bá ọ̀nà tan.

Ẹ wo àpẹẹrẹ tí ẹ̀gbọ́n fúnra wọn mú wá. Inú fódà iṣẹ́ náà ni index.html (ojú ewé náà gan-an) wà, pẹ̀lú fódà css tí style.css (fáìlì CSS) wà nínú rẹ̀ àti fódà images tí ilu.jpg wà nínú rẹ̀. Wọ́n kọ url("images/ilu.jpg") sínú style.css, àwòrán ò jáde, wọ́n ní bùráúsà ló ṣìnà. Bùráúsà ò ṣìnà rárá. Ibi tí fáìlì CSS wà ló ti gbéra, kì í ṣe ibi tí index.html wà, torí náà css/images/ilu.jpg ló lọ wá, kò sì sí nǹkan kan níbẹ̀. url("../images/ilu.jpg") ló yẹ kí wọ́n kọ. Ṣùgbọ́n <img src="images/ilu.jpg"> nínú index.html á ṣiṣẹ́. Àwòrán kan, ipa ọ̀nà méjì.

Wọ́n tún pe "../" ní "ìgòkè". Ẹni tó wà nínú yàrá tó fẹ́ wọ yàrá kejì kì í gòkè, ó máa ń jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni. Ìjáde ni! Fáìlì tó bá wà nínú css/ewe/ nílò ìjáde méjì: ../../images/ilu.jpg.

Àwọn tó ń lo Windows a sì máa kọ ..\images\ilu.jpg. CSS á gbé àmì \ yẹn mì, ..imagesilu.jpg ni yóò kù. Bí fáìlì bá ń jẹ́ Ilu.JPG, tí ẹ sì kọ ilu.jpg, á jáde lórí Windows, á wá di 404 (a ò rí fáìlì náà) tó bá dé sáfà Linux, kọ̀ǹpútà tó ń fi ojú ewé ránṣẹ́, torí I ńlá àti i kékeré yàtọ̀ síra níbẹ̀ bí ìlù ṣe yàtọ̀ sí ìlú lọ́dọ̀ wa.

Abèèrè kì í ṣìnà: ẹ tẹ F12, ẹ ṣí Network, ẹ tún ojú ewé náà ṣí. Ẹ tẹ ìlà tó ní 404, ẹ ó rí ibi tí bùráúsà wá àwòrán dé gan-an. Bó bá jẹ́ 200 (fáìlì ti dé) ni, tí àwòrán ò sì hàn, ẹ má fọwọ́ kan ipa ọ̀nà mọ́. Ó ṣeé ṣe kí div, àpótí tí ẹ fi àwòrán sí lẹ́yìn, má ní gíga kankan, torí background-image (àṣẹ CSS tó ń fi àwòrán sẹ́yìn) kì í fún un ní gíga.

Àwọn àgbà tó fún wa ní "asọ̀rọ̀mágbèsì" wo ìṣe ohun náà kí wọ́n tó sọ ọ́ lórúkọ.

Ní ti ẹni tó ní kí á pa "fódà" tì, kí á máa sọ pé "àpò": kí wọ́n kọ gbólóhùn nípa css/ewe/ pẹ̀lú "àpò" kí á kà á.