Ọ̀rọ̀-ìṣe «feel» ní èdè Tọ́kì: nígbà wo la ń lo hissetmek, nígbà wo la ń lo duymak, dokunmak àti àwọn yòókù?

Akẹ́kọ̀ọ́ Ankara béèrè pé:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Ankara ni mo wà, nínú ọdún èdè tí àwọn tó ń jẹ àǹfààní ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ Türkiye Bursları máa ń lò kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ tí wọ́n tìtorí rẹ̀ wá gan-an. Ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì sí Tọ́kì ni mo ń lò, torí kò sí èyí tó ti inú Yorùbá lọ sí Tọ́kì lọ́wọ́ mi. Nígbà tí mo wo ọ̀rọ̀-ìṣe Gẹ̀ẹ́sì náà, feel, ọ̀rọ̀ Tọ́kì tí wọ́n kọ síwájú rẹ̀ ni hissetmek, duymak, dokunmak, yoklamak, sezmek àti sanmak, láìsí àlàyé kankan tó yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ìbéèrè mi ni pé, ṣé hissetmek kò lè gba ipò gbogbo wọn ni? Bí òtútù bá ń mú mi, bí inú mi bá bàjẹ́, bí mo bá fẹ́ fọwọ́ kan aṣọ lọ́jà kí n mọ̀ bóyá ó fẹ́lẹ́, bí ó bá sì ṣe mí bíi pé ẹnì kan ń parọ́, ọ̀rọ̀-ìṣe Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́ yìí. Èyí tó tún rú mi lójú jù ni duymak. Ìtumọ̀ tí wọ́n kọ́ wa níbẹ̀rẹ̀ ni «gbọ́», bí èèyàn ṣe ń gbọ́ ohùn, síbẹ̀ mo ń rí i nínú lẹ́tà àti ìwé ìròyìn níbi tí kò ti sí ohùn kankan tí ẹnikẹ́ni gbọ́.

Ògbufọ̀ dáhùn pé:

Àbúrò mi, kú ìyànjú. Ohun àkọ́kọ́ tí màá bẹ̀ ọ́ ni pé kí o gbé ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wo gbólóhùn tí ìwọ fúnra rẹ kọ sókè yẹn: o kọ «òtútù ń mú mi», o kọ «inú mi bàjẹ́», o kọ «fọwọ́ kan», o kọ «ó ṣe mí bíi pé». Yorùbá ti pín iṣẹ́ náà fún ọ kí o tó dé ọ̀dọ̀ àwọn ará Tọ́kì rárá, àwọn náà sì pín in, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ààlà tiwọn kì í fìgbà gbogbo bá tiwa mu.

Hissetmek jẹ́ ọ̀rọ̀ méjì tí wọ́n so pọ̀: his, tó wá láti inú èdè Lárúbáwá, àti etmek, tó túmọ̀ sí «ṣe». Kíyè sí i pé s inú his máa ń di méjì bí wọ́n bá so ó mọ́ etmek, àti pé t inú etmek máa ń di d níwájú fáwẹ́lì: hissediyorum fún ohun tó ń lọ lọ́wọ́, hissettim fún ohun tó ti kọjá. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ara tàbí ọkàn mọ nǹkan. Bí ilẹ̀ bá mì tìtì ní orílẹ̀-èdè yìí, ìbéèrè tí wàá kọ́kọ́ gbọ́ lẹ́nu aládùúgbò ni «Hissettin mi?», ìyẹn ni pé ṣé ìwọ náà mọ̀ ọ́n lára. Nígbà tí wọ́n bá sì ń sọ bí ojú ọjọ́ ṣe rí, wọ́n máa ń dárúkọ hissedilen sıcaklık, ìyẹn bí ooru tàbí òtútù ṣe máa rí lára èèyàn, yàtọ̀ sí ohun tí ẹ̀rọ kà.

Bí ó bá jẹ́ ipò tí ìwọ fúnra rẹ wà ni o fẹ́ sọ, hissetmek kì í dá rìn, kendi, tí í ṣe «ara ẹni», ló máa ń bá a rìn. Kendimi yorgun hissediyorum: ó rẹ̀ mí. Kendimi yalnız hissediyorum: ó ń ṣe mí bíi pé mo dá wà. Ṣùgbọ́n má ṣe fi í dáhùn ìkíni. Ẹni tó bá ní «Nasılsın?» (ṣé dáadáa ni?), «İyiyim» (dáadáa ni) ti tó o. «Kendini nasıl hissediyorsun?» (báwo ló ṣe ń ṣe ọ́?) jẹ́ ìbéèrè tí wọ́n ń bi ẹni tó ń ṣàìsàn tàbí ẹni tí nǹkan ṣẹlẹ̀ sí.

Duymak ni ọmọ Yorùbá yẹ kó tètè lóye jù, torí gbọ́ tiwa náà kì í ṣe ti etí nìkan. A ń gbọ́ ohùn, a sì ń gbọ́ òórùn. Àwọn ará Tọ́kì náà lè sọ pé yanık kokusu duydum, ìyẹn ni pé mo gbọ́ òórùn nǹkan tó ń jóná, bó tilẹ̀ jẹ́ pé koku almak ló wọ́pọ̀ jù lẹ́nu wọn. Láti ibẹ̀ ni duymak ti gba inú ọkàn lọ. Wọ́n máa ń fi ọ̀rọ̀-orúkọ síwájú rẹ̀: saygı duymak ni kéèyàn máa bọ̀wọ̀ fún ẹnì kan tọkàntọkàn, gurur duymak ni kéèyàn máa fi ẹnì kan yangàn, pişmanlık duymak ni kéèyàn kábàámọ̀, ihtiyaç duymak ni kéèyàn nílò nǹkan, ilgi duymak ni kí ọkàn ẹni fà sí nǹkan. Kọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àfòmọ́ tó ń bá a lọ, torí wọn kì í ṣe bákan náà: anneme saygı duyuyorum (mo ń bọ̀wọ̀ fún ìyá mi, pẹ̀lú -e), ṣùgbọ́n seninle gurur duyuyorum (mo ń fi ọ́ yangàn, pẹ̀lú -le). Láti inú gbòǹgbò kan náà ni duygu ti wá, tí í ṣe ìmọ̀lára ọkàn, àti duyu, tí í ṣe ọ̀kan nínú iye-ara márùn-ún, àti duyuru, ìkéde tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ pátákó ilé ẹ̀kọ́ yín.

Ibi tí duymak àti gbọ́ ti pínyà ni ti èdè. Àwa ń sọ pé ẹnì kan gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n bí o bá fi duymak bi ẹnì kan bóyá ó gbọ́ èdè Tọ́kì, yóò máa dẹtí sílẹ̀ kó lè mọ ohùn tí ò ń wí. Biliyor musun (ṣé o mọ̀ ọ́n) tàbí anlıyor musun (ṣé ó yé ọ) ni o máa lò níbẹ̀.

Nọ́ọ̀sì İzmir dáhùn pé:

Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Mo fẹ́ fi ti ara kún un, torí ní ilé ìwòsàn ni àwọn ọ̀rọ̀ yìí ti ń fi ìyàtọ̀ wọn hàn kedere. Bí wọ́n bá ti fún aláìsàn ní oògùn tó ń mú ibì kan lára kú, tí dókítà sì fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti ṣiṣẹ́, ó lè fi ìka tẹ ibẹ̀, kó sì béèrè pé: «Dokunduğumu hissediyor musunuz?» Ọ̀rọ̀-ìṣe méjèèjì wà nínú gbólóhùn kan ṣoṣo yẹn, dokunmak fún ọwọ́ tó ń kan ara, hissetmek fún ara tó ń mọ̀ pé ọwọ́ kan òun. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí àbúrò wa béèrè lè ṣe iṣẹ́ méjèèjì, ìdí nìyẹn tí ìwé atúmọ̀ èdè fi kó wọn pọ̀.

Nítorí náà, fún aṣọ ọjà, dokunmak ni, ó sì ń gba àfòmọ́ -e tàbí -a: kumaşa dokundum. Ṣùgbọ́n dokunmak ní ìtumọ̀ méjì mìíràn tí o gbọ́dọ̀ mọ̀ kí o tó jẹun lọ́dọ̀ wọn. Süt bana dokunuyor kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú ọwọ́. Ohun tó ń sọ ni pé wàrà kì í bá mi lára mu. Bu söz bana dokundu sì ni pé ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra. Yoklamak ní tirẹ̀ ni kéèyàn fọwọ́ wá nǹkan tàbí kó fọwọ́ yẹ̀ ẹ́ wò: ceplerini yokladı, ó fọwọ́ wá inú àpò rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ni ọ́, ó dájú pé o ti mọ ọmọ rẹ̀ kan, yoklama, orúkọ tí olùkọ́ ń pè láràárọ̀ láti mọ ẹni tó wá sí kíláàsì.

Ní ti ìrora, má lo hissetmek àyàfi tí wọ́n bá bi ọ́ bẹ́ẹ̀. Başım ağrıyor ni orí ń fọ́ mi. Ağrımak wà fún ìrora tó ń ti inú wá, bí orí, eyín àti ẹ̀yìn. Acımak wà fún ojú ọgbẹ́, ibi tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún, tàbí ibi tí èèyàn fi gbá nǹkan. Başım dönüyor ni òòyì ń kọ́ mi. Midem bulanıyor ni èébì ń gbé mi. Bí o bá jókòó lé ẹsẹ̀ rẹ títí tó fi kú, tí ẹ̀jẹ̀ wá ń padà síbẹ̀, ayağım karıncalandı ni wọ́n ń sọ. Karınca ni èèrà, ẹ sì rí i pé ẹni tó dá ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀ ti jókòó lé ẹsẹ̀ rẹ̀ rí. Ẹni tó bá gbọ́ èyíkéyìí nínú wọn lẹ́nu rẹ yóò dá ọ lóhùn pé «Geçmiş olsun», àdúrà pé kó ti kọjá lọ.

Ọmọ Gírámà dáhùn pé:

Mo gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ ohun tí ẹ̀gbọ́n wa ògbufọ̀ sọ, ṣùgbọ́n mo ní iyèméjì lórí pé kí àbúrò wa kàn máa gba inú Yorùbá lọ sí Tọ́kì. Ẹ jẹ́ ká wo ẹni tó jẹ́ olùwà gbólóhùn. Nínú Yorùbá, ohun tó ń ṣe èèyàn ni olùwà, èèyàn fúnra rẹ̀ sì ni àbọ̀: ebi ń pa mí, òtútù ń mú mi, ẹ̀rù bà mí, ojú tì mí, àárò rẹ̀ ń sọ mí. Nínú èdè Tọ́kì, èèyàn ni olùwà, ìmọ̀lára náà sì ti wọ inú ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo: acıktım, üşüdüm, korktum, utandım, özledim. Lẹ́tà m tó kẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan ni «mo». Ẹni tó bá gba inú Yorùbá lọ láìfura yóò máa wá ọ̀rọ̀ tó dúró fún ebi, yóò sì máa wá ohun tí ebi náà ń ṣe. Ẹni tó bá sì gba inú Gẹ̀ẹ́sì lọ yóò sọ pé soğuğum, èyí tó túmọ̀ sí pé èmi fúnra mi tutù, wọ́n sì lè gbọ́ ọ bí ẹni pé ò ń pe ara rẹ ní aláìlọ́yàyà.

Kì í ṣe pé ọ̀nà tiwa ṣàjèèjì sí wọn pátápátá. Uykum geldi ni oorun mi dé, níbi tí oorun ti jẹ́ olùwà. Bana sıcak bastı ni ooru bò mí mọ́lẹ̀. Àwọn wọ̀nyí rọrùn fún wa.

Ohun kejì ni àkókò. Üşüdüm, acıktım, susadım, yoruldum, gbogbo wọn ló wà ní àkókò tó ti kọjá, síbẹ̀ ẹni tó sọ wọ́n ṣì ń gbọ̀n, ebi ṣì ń pa á, òùngbẹ ṣì ń gbẹ ẹ́, ó ṣì rẹ̀ ẹ́. Èdè náà ń wo ìgbà tí èèyàn wọ inú ipò náà, ó sì gbà pé kò tíì jáde. Kí o sì ṣọ́ra fún lẹ́tà k kan ṣoṣo: acıkıyorum ni ebi ń pa mí lọ, acıyorum ni àánú ń ṣe mí.

Ẹ gbà mí láyè kí n yà díẹ̀. Ní 1928 ni wọ́n fi lẹ́tà Látìn rọ́pò ti Lárúbáwá, ní 1932 ni Atatürk, ààrẹ àkọ́kọ́ Tọ́kì, sì dá ẹgbẹ́ tó di Türk Dil Kurumu (Àjọ Èdè Tọ́kì) sílẹ̀, tí wọ́n sì ń wá ọ̀rọ̀ Tọ́kì pọ́ńbélé láti fi rọ́pò ọ̀rọ̀ Lárúbáwá àti ti Páṣíà. Ìdí nìyẹn tí duygu fi gba ọ̀pọ̀ ààyè lọ́wọ́ his nínú ìwé. Hissetmek kò mì rárá ní tirẹ̀, ó ṣì wà lẹ́nu gbogbo èèyàn. Má sì jẹ́ kí hisse tí wàá rí nínú ìròyìn ọrọ̀-ajé tàn ọ́. Ìpín ìdókòwò nìyẹn, gbòǹgbò Lárúbáwá mìíràn ló ti wá.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ankara tún béèrè pé:

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin àgbà. Ó ku ohun tí ọkàn ń fẹ́ àti èrò ọkàn: bí ó bá ń wù mí kí n mu tíì, tàbí tí mo kàn fura pé nǹkan kan ń bọ̀. Mo tún fẹ́ mọ èyí tí màá lò bí mo bá ń kọ̀wé sí ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó pè mí sí ìpàdé, pé inú mi yóò dùn láti wá.

Ògbufọ̀ tún dáhùn pé:

Ọ̀rọ̀ Ọmọ Gírámà tọ̀nà lórí olùwà, mo sì fara mọ́ ọn. Fún tíì, can ni kí o lò, tó túmọ̀ sí ẹ̀mí: canım çay istiyor, ẹ̀mí mi ń fẹ́ tíì. Bí nǹkan kò bá wù ọ́ ṣe, içimden gelmiyor, kò ti inú mi wá. Can yìí kan náà ni wọ́n ń lò bí nǹkan bá sú èèyàn tàbí tó bà á nínú jẹ́: canım sıkıldı.

Fura ni sezmek gan-an: bir tehlike sezdim, mo fura sí ewu kan. Fún ẹni tí o rò pé ó ń parọ́, bana yalan gibi geliyor, ó jọ irọ́ létí mi. Sanmak ni kí o rọra lò, torí ó sábà máa ń jẹ́ èrò tó padà já sí òdì. Ẹni tó bá rò pé ọmọ Gánà ni ọ́, tó wá gbọ́ pé Nàìjíríà lo ti wá, yóò sọ pé «Seni Ganalı sandım».

Ní ti lẹ́tà rẹ sí ọ̀jọ̀gbọ́n, duymak ló yẹ ẹ́, pẹ̀lú memnuniyet, tí í ṣe ìdùnnú: Toplantınıza katılmaktan memnuniyet duyarım. Duyarım ni kí o kọ, má kọ duyuyorum, torí èyí àkọ́kọ́ ló ní ọ̀wọ̀ nínú, ó sì bá ìpàdé tí kò tíì wáyé mu.