Irin tá a fi ń já bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì: ṣé "afàyọ" náà ni gbogbo wọn?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Mo ti ka gbogbo ohun tẹ́ ẹ sọ látàná. Nítorí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Ìkẹ́nnẹ́ ń kọ ìwé pélébé kan fún àwọn ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì tó ń tún jíìpù oko ṣe. Àbá tó dá ni pé ká pe bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì, ìyẹn irin tó so ibi tí táyà iwájú wà mọ́ abẹ́ mọ́tò, tó sì ń jẹ́ kó lè yí, ní "oríkèé oníbọ́ọ̀lù", kí gbogbo irin tí wọ́n fi ń yọ ọ́ sì máa jẹ́ "afàyọ". Olùkọ́ wa láti Ìjẹ̀bú-Òde ní rárá o, "oríkèé olódó" ló yẹ ẹ́, torí pé irin róbótó tó wà nínú rẹ̀ jókòó bí ọmọ odó ṣe ń jókòó sínú odó.

Oríkèé ò bí mi nínú. Àwọn mẹkáníìkì wa ló kọ́kọ́ fún mọ́tò lẹ́sẹ̀. "Ẹsẹ̀ mọ́tò yìí ń dún", "iṣẹ́ ẹsẹ̀ la fẹ́ ṣe fún un", bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ láti Ṣágámù dé Ìjẹ̀bú-Igbó nìyẹn. Ohun tó bá sì lẹ́sẹ̀ á ní oríkèé. Àmọ́ odó kọ́, Olùkọ́. Gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá gbé ọmọ odó sókè ló ń jáde kúrò nínú odó, iṣẹ́ rẹ̀ ni. Bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì tó bá jáde nínú ilé rẹ̀, táyà á ṣẹ́ sábẹ́ mọ́tò ni, mọ́tò á sì fi imú gbálẹ̀. Ìbàdí ni irú rẹ̀ wà lára èèyàn, níbi tí orí egungun itan ti wọ ihò, tó ń yí síwá sẹ́yìn, tí kò sì gbọdọ̀ yẹ̀. Mo fara mọ́ ẹ̀gbọ́n: "oríkèé oníbọ́ọ̀lù" nínú ìwé. Tẹ́ ẹ bá dé ìsọ̀ ẹni tó ń ta pààtì, ẹ jọ̀wọ́, bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì ni kẹ́ ẹ bèèrè, kí wọ́n má baà júwe ilé ẹni tó ń to egungun fún yín.

"Afàyọ" ni mo wá bá jà.

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Iṣẹ́ tí irin ń ṣe la ó wò ká tó sọ irin lórúkọ. Irin mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ẹ̀gbọ́n kó sábẹ́ orúkọ kan ṣoṣo, ohun tí kálukú ń ṣe ò sì jọra. Ọmọ iṣẹ́ tó bá kà á nínú ìwé pé "mú afàyọ" lè mú èyí tó máa ba nǹkan oníbàárà jẹ́.

Ẹ jẹ́ ká wo bí nǹkan náà ṣe jókòó ná. Ọrùn bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì, ìyẹn irin tó yọ jáde lára bọ́ọ̀lù náà, ò nípọn bákan náà látòkè délẹ̀. Ó ń tín-ín-rín lọ síbi orí ni, ihò tó wọ̀ náà sì rí bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá ti di nọ́ọ̀tì rẹ̀ dáadáa, irin méjèèjì á gbá ara wọn mú pinpin. Ẹ tú nọ́ọ̀tì kúrò, ẹ fa kọ́tà pìn, irin tín-ín-rín tí kì í jẹ́ kí nọ́ọ̀tì tú, yọ, kò ní mira. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀.

Irin àkọ́kọ́ ni fọ́ọ̀kì, oníka méjì, ẹnu rẹ̀ fẹ́lẹ́, ìdí rẹ̀ nípọn. Wọ́n á ki ẹnu rẹ̀ bọ àárín rọ́bà jọ́ìǹtì àti irin tó di ọrùn mú, wọ́n á wá máa fi hámà lù ú nídìí títí tí àárín wọn á fi là. Ó yá lọ́wọ́, owó rẹ̀ ò sì pọ̀. Ṣùgbọ́n rọ́bà tó ń pa gírísì mọ́ á ya. Tó bá jẹ́ pé jọ́ìǹtì tuntun ti wà nílẹ̀, tí ti àtijọ́ ń lọ sí ààtàn, kí ló kàn wá? Àmọ́ tó bá jẹ́ pé ṣáàfù, irin tó ń yí táyà, lẹ fẹ́ yọ, tí bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì ṣì le koko, ẹ ti pa á nìyẹn. Ẹrẹ̀ àti yanrìn á gba ojú ibi tó ya wọlé, gírísì á bá ibẹ̀ jáde. Ẹ sì mọ bí ọ̀nà àwọn agégẹdú ṣe ń rí lásìkò òjò, lẹ́yìn Ìjẹ̀bú-Igbó lọ́hùn-ún.

Ìkejì ni wọ́n ń pè ní púlà, ibẹ̀ sì ni "afàyọ" ti purọ́ jù. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì á kọ́ áàmù, ìyẹn apá irin tó nà láti abẹ́ mọ́tò dé ibi táyà, bóòtì gígùn tó wà láàárín á dojú kọ orí ọrùn jọ́ìǹtì gan-an. Bẹ́ ẹ ṣe ń fi sípánà yí bóòtì yẹn, títì ló ń ti ọrùn náà. Kò fà á. Òyìnbó tó pè é ní afà, ọ̀ràn tiẹ̀ nìyẹn. Kò di dandan ká gba àṣìpè wọn mọ́ irin wọn. Kì í fọwọ́ kan rọ́bà bẹ́ ẹ bá gbé e síbi tó yẹ. Ẹ ó máa yí i, ẹ ó máa yí i, á dà bíi pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀, lójijì lẹ ó gbọ́ gbàù! Ó já. Ọmọ iṣẹ́ tó gbọ́n á ti fi nọ́ọ̀tì kọ́ ẹnu ọrùn náà díẹ̀, kí áàmù má baà fò lu ẹnikẹ́ni, á sì ti fi jáàkì gbé áàmù ìsàlẹ̀ ró. Sípíríǹgì ò mọ ọ̀gá, kò mọ ọmọ iṣẹ́.

Ohun tó tún pa mí lẹ́rìn-ín ni pé "afàyọ" bá àìsàn mọ́tò mu ju irin lọ. Ẹ wo jíìpù Toyota 4Runner ti 1996 sí 2002, tó pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Bí wọ́n ṣe so bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì ìsàlẹ̀ rẹ̀ kọ́, ìwúwo mọ́tò ló ń fa bọ́ọ̀lù kúrò nínú ilé rẹ̀ lójoojúmọ́. Tó bá ti jẹ, tẹ́nikẹ́ni ò sì yẹ̀ ẹ́ wò, ọjọ́ kan ni á fà yọ. Toyota pe àwọn Tacoma àti 4Runner kan padà ní 2005 nítorí jọ́ìǹtì ìsàlẹ̀ yìí. Ìwúwo mọ́tò ni afàyọ, ẹ̀gbọ́n.

Ìkẹta ni prẹ́ẹ̀sì: irin ńlá tó lanu, bóòtì gìrìwò lápá kan, àti àwọn ife irin oríṣiríṣi. Kò bá ọrùn jọ́ìǹtì ṣe. Ara jọ́ìǹtì ni tirẹ̀. Ní Jeep Wrangler, ti 1997 sí 2006 àti èyí tó tẹ̀ lé e, ńṣe ni wọ́n tẹ jọ́ìǹtì òkè àti ti ìsàlẹ̀ wọnú ẹnu ásù iwájú, irin gbọọrọ tó wà láàárín táyà iwájú méjèèjì. Lẹ́yìn tí ọrùn bá ti já, ara jọ́ìǹtì á ṣì há sínú ihò rẹ̀. Ife kan á gbà á lápá kan, òmíràn á máa tẹ̀ ẹ́ lápá kejì. Bóòtì mẹ́rin ló di jọ́ìǹtì ìsàlẹ̀ ti 4Runner tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan mú ní tirẹ̀, sípánà ti tó. Ẹni tó bá lọ ra prẹ́ẹ̀sì nítorí ìyẹn ti fi owó ṣòfò, orúkọ tó papọ̀ nínú ìwé yín ló sì máa tì í débẹ̀.

Orúkọ wo wá ni? Ẹnu àwọn oníṣẹ́ ni mo kọ́kọ́ lọ. "Já" ni wọ́n ń sọ: "ẹ bá mi já jọ́ìǹtì yẹn". Mo bá gbé "a" síwájú rẹ̀ bí ẹ̀gbọ́n ṣe gbé e síwájú "fàyọ", ló bá di ajá. Ta ló máa sọ fún ọmọ iṣẹ́ pé kó lọ gbé ajá oríkèé wá? Mo fi "tú" rọ́pò: ìtúríkèé fún púlà. Ohun tó há ló ń tú, ká máa wí bóyá ó ń fà tàbí ó ń tì ò sí mọ́. Ìtẹ̀ríkèé fún prẹ́ẹ̀sì. Ẹni tó bá ti mọ ilé ìtẹ̀wé ti mọ ìdajì rẹ̀.

Fún fọ́ọ̀kì, ayarọ́bà ni mo fẹ́. Olùkọ́ ti fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi pé orúkọ bẹ́ẹ̀ ń tú àṣírí irin jù, pé àbùkù nǹkan kọ́ la fi ń sọ ọ́ lórúkọ. Asọ̀rọ̀mágbèsì ńkọ́? Ó ń sọ̀rọ̀ kò gbèsì, àbùkù rẹ̀ náà la fi pè é, kò sì dí i lọ́wọ́ láti wọ gbogbo ilé. Orúkọ tó ń kìlọ̀ fún ẹni tó fẹ́ mú irin yẹn nílẹ̀ dára ju èyí tó kàn dùn létí. Olùkọ́ tún ní wọ́n á máa gbọ́ ọ bí ayaba. Mi ò tíì rí ayaba tí wọ́n ń fi hámà lù nídìí.

Sípánà tó ń wọn agbára ìdì, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ ní "sípánà oníwọ̀n" bẹ́ ẹ ṣe fẹnu kò sí i. Ẹ ṣáà fi kún ìwé yẹn pé bí ihò kọ́tà pìn ò bá ṣe déédéé pẹ̀lú ẹnu nọ́ọ̀tì, síwájú ni kí wọ́n dì í dé ihò tó kàn, kí wọ́n má tú u sẹ́yìn.

Ohun kan ṣẹ́ kù tí mi ò rí orúkọ fún. Ọ̀gá kan ní Ìjẹ̀bú-Igbó kì í mú ìkankan nínú irin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Á tú nọ́ọ̀tì kó ku ojú díẹ̀, á fi hámà ńlá ti ẹ̀gbẹ́ kan nọ́kù, ìyẹn irin tó gbé táyà dúró, á wá fi hámà kejì gbá ẹ̀gbẹ́ kejì, níbi tí irin ti yọ gúnńgún yí ihò ká, gbá, gbá, gbá, jọ́ìǹtì á jábọ́ fúnra rẹ̀, rọ́bà ò ya. "Etí" ló ń pe ibi gúnńgún yẹn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nítòsí àwọn mẹkáníìkì Ṣágámù, kí ni wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún? Ẹ bá mi bèèrè kí ẹ̀gbọ́n tó gbé ìwé lọ sílé ìtẹ̀wé.