Òdòdó tí mo fi ránṣẹ́ sí màmá mi ní ìlú kékeré: ẹ wá sọ ìrírí tiyín náà

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìjókòó. Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi láti ọjọ́ ìbí màmá mi, mo ní kí n kúkú gbé e síbí, bóyá ẹlòmíràn ti rí irú rẹ̀ rí.

Màmá mi pé 70 ọdún. Ìlú kékeré ni wọ́n ń gbé, ibi tí gbogbo èèyàn ti mọ ara wọn, tí nọ́ńbà kò sì sí lára ọ̀pọ̀ ilé. Ibi tí mo wà jìnnà, iṣẹ́ kò sì jẹ́ kí n lè lọ. Mo ní òdòdó gidi ni mo máa fi ránṣẹ́, kì í ṣe ti ike. Màmá fẹ́ràn òdòdó débi pé tó bá gbẹ tán, wọ́n á mú ẹyọ kan nínú rẹ̀, wọ́n á fi há àárín ìwé. Mo wọ orí íntánẹ́ẹ̀tì, mo rí ilé ìtajà kan tí àwòrán rẹ̀ wù mí: róòsì pupa méjìlá, wọ́n fi ewé tútù yí i ká. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìlú yòówù kó jẹ́, òdòdó á dé ibẹ̀ lọ́jọ́ tí èèyàn bá fẹ́ gan-an. Mo san owó, mo kọ ọ̀rọ̀ ìkíni sí i, mo wá ń retí.

Lọ́jọ́ ìbí náà, aago méjìlá kọjá, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Nígbà tó di aago mẹ́rin, mo pe màmá, mo ń fọgbọ́n wádìí: "Ṣé kò sẹ́ni tó kan ilẹ̀kùn yín lónìí?" Wọ́n ní rárá, ṣé mo ń retí ẹnì kan ni. Mo pe ilé ìtajà yẹn títí, ohùn ẹ̀rọ ló ń dá mi lóhùn. Ọjọ́ kẹta ni òdòdó tó dé. Awakọ̀ gbé páálí náà sẹ́nu ọ̀nà nínú oòrùn, ó bá tirẹ̀ lọ. Aládùúgbò ló rí i. Màmá ya fọ́tò rẹ̀ fún mi. Gbogbo orí róòsì ló tẹ̀ wálẹ̀ bí ẹni tó ń tòògbé, etí wọn ti dúdú. Mo kà á, méje ni mo rí.

Ohun tó dùn mí jù ni pé màmá ń dúpẹ́. "Ó dára gan-an ni, ọmọ mi. Ọlọ́run á bá mi dá ọ lọ́lá." Mo mọ ohùn màmá mi. Wọ́n ń bò mí láṣìírí ni.

Mo wá wádìí bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́. Ilé ìtajà aláwòrán yẹn kò ní òdòdó kankan lọ́wọ́. Alágbàtà ni. Yóò gba owó, yóò yọ tirẹ̀, yóò wá máa wá olódòdó tó sún mọ́ ibẹ̀ tó máa fi owó tó kù ṣe é. Ní ìlú ńlá, ẹnì kan á gbà á. Ní ìlú kékeré, bóyá olódòdó ẹyọ kan ló wà níbẹ̀, owó tó kù kò sì tó nǹkan, òun náà á kọ̀. Ìgbà yẹn ni wọ́n á ju òdòdó sínú páálí, wọ́n á kó o fún ọkọ̀ akẹ́rù.

Kí n má parọ́ mọ́ gbogbo wọn o. Kí olódòdó kan gba iṣẹ́, kí ó fi lé òmíràn lọ́wọ́ ní ìlú míì, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe é. Ní Jámánì, ọdún 1908 ni ẹgbẹ́ Fleurop bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ọdún 1910 ni àwọn olódòdó da ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní FTD lónìí sílẹ̀, tẹligíráàmù ni wọ́n sì fi ń ránṣẹ́ síra wọn. Ṣùgbọ́n olódòdó sí olódòdó nìyẹn, ẹni tó mọ ohun tó ń jẹ́ òdòdó. Ẹni tó jẹ́ àwòrán nìkan ló ní ni mò ń bá wí.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, mo ní mi ò ní jẹ́ kó parí síbẹ̀. Mo wá nọ́ńbà olódòdó tó wà nínú ìlú màmá gan-an. Obìnrin kan gbé e. Mi ò tíì ṣàlàyé tán tó fi bi mí pé, "Ṣé màmá tó ń gbé lẹ́yìn ilé ìwé, tí géètì wọn jẹ́ àwọ̀ ewé?" Àyà mi balẹ̀. Ó ní kò sí róòsì tó dáa lọ́wọ́ òun lọ́sẹ̀ yẹn, òun ò sì ní tan mí. "Ẹ má sọ orúkọ òdòdó fún mi. Ẹ sọ àwọ̀ tí wọ́n fẹ́ràn, kí ẹ sì sọ iye tí ẹ fẹ́ ná." Mo ní yẹ́lò. Ó béèrè ìgbà tí màmá máa ń wà nílé, ó ní kí n ka ọ̀rọ̀ tó máa wà lórí káàdì fún òun, ó sì kà á padà sí mi létí.

Aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ kejì, màmá pè mí. Wọn ò lè sọ̀rọ̀, wọ́n kàn ń pe orúkọ mi. Òdòdó yẹ́lò tí wọ́n ń pè ní carnation àti chrysanthemum ni, ọ̀pọ̀ ewé ló wà níbẹ̀, okùn pẹlẹbẹ ni wọ́n fi dì í. Kò jọ àwòrán kankan. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, carnation yẹn ṣì dúró.

Ẹ̀yin náà ńkọ́?

*

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Tèmi dé ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò múra ẹni tó máa gbà á sílẹ̀. Àǹtí mi ni mo fi ránṣẹ́ sí, inú páálí tóóró ni wọ́n kó o sí, láìsí omi, gbogbo rẹ̀ ṣì di, kò tíì là. Àǹtí mi pè mí, ohùn wọn rọlẹ̀: "Ṣé kò sí nǹkan, àbí? Òdòdó tí o fi ránṣẹ́ ti kú."

Kò kú. Bí wọ́n ṣe ń fi páálí rán òdòdó nìyẹn, kí ó má bàa fara gbọgbẹ́ lọ́nà. Orí fóònù la ti jọ tún un ṣe. Mo ní kí wọ́n fi ọ̀bẹ mímú gé ìdí igi rẹ̀ ní ìdàgẹ̀rẹ̀, bíi sẹ̀ǹtímítà méjì, kí wọ́n já gbogbo ewé tó máa wọ inú omi, kí wọ́n sì tì í bọ omi kíákíá, kí atẹ́gùn má bàa dí ojú ibi tí ó fi ń mu omi. Ó di ọjọ́ kẹta kí gbogbo rẹ̀ tó là tán. Ní báyìí, mo máa ń pe èèyàn ṣáájú kí òdòdó tó dé.

*

Èmi ni mo wà ní òdìkejì ọ̀rọ̀ yìí. Olódòdó ni mí, ìlú kékeré ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Orí mi wú nígbà tí mo ka ti ẹ̀gbọ́n àkọ́kọ́, torí ohun tí obìnrin yẹn bi wọ́n lèmi náà máa ń bi èèyàn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú ń rí. Òdòdó tí ẹ ń rí lọ́wọ́ wa ti rìn jìnnà. Ọ̀pọ̀ róòsì ayé, láti Kenya, ní agbègbè adágún Naivasha, tàbí láti Colombia àti Ecuador ni wọ́n ti ń wá. Inú òtútù ni wọ́n ń gbé e, ọkọ̀ òfurufú ló ń gbé e, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì ń gba ọjà òdòdó ńlá tó wà ní Aalsmeer ní Netherlands kọjá. Kí ó tó dé ìlú kékeré, ó ti lo ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn tí wọ́n gé e. Èmi kì í lè kó ọjà jọ rẹpẹtẹ, torí ohun tí kò bá tà, ààtàn ló ń lọ. Torí náà, ẹni tó bá pè mí lálẹ́ pé òun ń fẹ́ lílì funfun láàárọ̀ ọ̀la, ohun tó ṣẹ́ kù lọ́wọ́ mi ni màá fi ṣe é. Ẹni tó bá pè mí ní ọjọ́ mẹ́rin ṣáájú, màá bá a wá ohun tó fẹ́ gan-an. Ní 14 oṣù kejì, ó máa ń le fún gbogbo wa: róòsì á wọ́n, á sì gbówó lórí. Mo máa ń bẹ èèyàn pé kí wọ́n jẹ́ kí n gbé tiwọn lọ ní ọjọ́ méjì ṣáájú, òdòdó tó dáa jù ló máa ń bọ́ sí wọn lọ́wọ́.

Ohun mìíràn tó yàtọ̀ ní ìlú kékeré ni pé gbogbo àdúgbò ló ń rí òdòdó. Bí mo bá gbé e kọjá, wọ́n á ti máa béèrè ilé tí mò ń lọ. Inú ẹlòmíràn á dùn sí i, ẹlòmíràn kò sì fẹ́ kẹ́nikẹ́ni mọ̀. Ẹ sọ fún wa. A ní bébà, a lè wé e bámúbámú, a sì mọ bí a ṣe ń pa ẹnu mọ́.

Nígbà kan, ọmọ kan ní kí n gbé òdòdó lọ fún bàbá rẹ̀. Bàbá náà dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n wo òdòdó, wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Ṣé kò jẹ́ pé ẹ ṣi ilé?" Mo ka káàdì fún wọn. Wọn ò gba òdòdó lọ́wọ́ mi lójú ẹsẹ̀, wọ́n kọ́kọ́ nu ọwọ́ wọn méjèèjì sára ṣòkòtò. Kò sí ohun tí wọ́n lè kó o sí nínú ilé. Inú bọ́kẹ́ẹ̀tì la kó o sí, bàbá sì gbé àga wọn sún mọ́ ọn. Láti ọjọ́ náà, ìgò kan kì í wọ́n nínú ọkọ̀ mi.

Ẹ tún bá mi sọ fún àwọn èèyàn yín pé kí wọ́n má gbé òdòdó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí ápù tó ń pọ́n. Gáàsì kan ń jáde lára èso yẹn, ethylene lorúkọ rẹ̀, ó máa ń jẹ́ kí òdòdó tètè rọ, pàápàá carnation. Kí wọ́n sì máa pààrọ̀ omi rẹ̀ lọ́jọ́ méjì méjì.

*

Ẹ ṣeun, olódòdó wa. Ẹni tó bá fẹ́ fi lílì ránṣẹ́, ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá ológbò wà nílé. Mo fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, mi ò mọ̀. Lẹ́búlẹ́bú tó wà láàrin òdòdó náà dà sára ológbò wọn, ó sì lá a. Lílì máa ń ba kíndìnrín ológbò jẹ́, kódà omi inú ìkòkò rẹ̀ léwu. Wọ́n tètè gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà ẹranko, ó yè. Ṣùgbọ́n ọmọ ọwọ́ lápá kan, ológbò tí dókítà ń fa omi sí lára lápá kejì, èmi ni mo kó gbogbo rẹ̀ bá wọn.

*

Tèmi kò gùn. Ilé ìwòsàn ni mo ní kí wọ́n gbé e lọ, wọn ò jẹ́ kó wọ yàrá tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tí àìsàn wọn le. Nọ́ọ̀sì gbé e sórí tábìlì òun, ó sì ka káàdì náà fún ẹ̀gbọ́n mi létí. Ẹ máa pe ilé ìwòsàn ṣáájú.

*

Mo ti ka gbogbo rẹ̀, ẹ ṣeun gan-an. Mo ka ti bàbá tó nu ọwọ́ fún màmá mi lórí fóònù, wọ́n sì ní kí n tún un kà.

Ilé ìtajà yẹn dá ìdajì owó mi padà. Lánàá, màmá fi fọ́tò kan ránṣẹ́. Ìwé wọn ni, wọ́n ṣí i sílẹ̀. Carnation yẹ́lò kan wà níbẹ̀, ó ti tẹ́ pẹrẹsẹ, káàdì mi wà lábẹ́ rẹ̀. Ọ̀kan nínú róòsì méje yẹn náà wà ní ojú ìwé kejì.