Ẹ yé pe ilé omi ní «olóòrùn»

Ẹ̀gbọ́n wa ará Ọ̀yọ́, ọmọ Àtìbà, mo kí yín o, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ dá sílẹ̀ yẹn ò lè lọ bẹ́ẹ̀. Ẹ ní ká máa pe wọtawọ́ọ̀kì, ilé tí wọ́n ti ń mú omi odò mọ́ fún ìlú, tó bá ń lo sólà, iná tí wọ́n ń rí látinú oòrùn, ní «ilé ìsọdimímọ́ omi olóòrùn», ẹ tún wá ní ẹni tí kò bá fara mọ́ ọn kó lọ kọ́ gírámà. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká jọ kọ́ ọ.

«Oní» tó di «oló» nínú «olóòrùn» yẹn ló ń bí mi nínú jù. Oní kì í ṣeré. Alákàrà ló ni àkàrà, ológì ló ni ògì, omi oníyọ̀, iyọ̀ wà nínú ẹ̀ ni. Tẹ́ ẹ bá wá ní omi olóòrùn, kí ni oòrùn ń ṣe nínú omi? Ṣé kòkòrò inú ẹ̀ ló ń pa ni àbí pọ́ǹpù ló ń yí? Torí méjèèjì ló wà o. Àwọn kan wà tó máa ń rọ omi tí kò lẹ́rẹ̀ sínú ike tó mọ́ gaara, wọ́n á tẹ́ ẹ sínú oòrùn fún wákàtí 6, bí ojú ọjọ́ bá ṣú wọ́n á fi í síbẹ̀ fún ọjọ́ 2, oòrùn fúnra ẹ̀ ló máa pa kòkòrò tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru. Ẹ pe ìyẹn ní omi olóòrùn, mi ò ní bá yín jiyàn.

Ti wọtawọ́ọ̀kì ò rí bẹ́ẹ̀. Oòrùn ò fọwọ́ kan omi níbẹ̀ rárá. Pánẹ́ẹ̀lì ló ń gba ìtànṣán sọ ọ́ di iná, íńfátà á yí iná yẹn sí irú èyí tí pọ́ǹpù lè lò, pọ́ǹpù á wá fa omi wá láti odò, á tún tì í gòkè lọ sínú táǹkì. Álọ́ọ̀mù ló ń mú kí ẹrẹ̀ so pọ̀ kó silẹ̀, yanrìn ló ń sẹ́ ẹ, kiloríìnì ló ń pa kòkòrò. Èyí tó ń jẹ iná jù nínú gbogbo ẹ̀ ni fífà àti títì yẹn. Kódà bí oòrùn bá wọ̀, omi tí wọ́n ti tì sókè lọ́sàn-án ló máa ṣàn wálẹ̀ fúnra ẹ̀ lóru, ìdí nìyẹn tí wọn ò fi nílò bátìrì tó pọ̀ bí ẹ ṣe rò. Alágbàṣe ni oòrùn níbẹ̀, ẹ wá sọ ọ́ di olóko.

Ẹ ò tíì gbọ́ ti àmì ohùn. Ta ló ń fi àmì sórí bọ́ọ̀dù? Ẹni tó ń kùn ún á kọ «omi oloorun», ó parí. Ará ọjà á kà á sí omi olóòórùn, omi tẹ́ ẹ náwó lé lórí pé kó má rùn! Ẹlòmíì á kà á sí olóorun, pé àwọn tó ń ṣọ́ pọ́ǹpù ń sùn, ẹ jẹ́ n ṣọ́nu mi níbẹ̀.

«Ìsọdimímọ́» wá ń kọ́? Ògbómọ̀ṣọ́ ni mò ń gbé, ìlú tí sẹ́mínárì Onítẹ̀bọmi ti wà láti 1898. Ẹ lọ dúró ní Tákíé níbí kẹ́ ẹ ní ilé ìsọdimímọ́ omi lẹ̀ ń wá, pásítọ̀ ni wọ́n máa mú yín lọ bá. Ti ọkàn ni ìsọdimímọ́ jàre, omi ò dẹ́ṣẹ̀. Ẹ ní «ìtọ́jú omi» náà ò dáa, ibẹ̀ nìkan lẹnu wa kò, torí ìyàwó ilé tó bá ní òun ti tọ́jú omi, ó ti pọn ọ́n pa mọ́ ni.

Ṣebí àwọn ìyá wa ní ọ̀rọ̀ fún un. Bí wọ́n bá pọnmi odò dé nígbà òjò, tó pọ́n dẹ̀dẹ̀, wọ́n á rọ ọ́ sínú àmù, wọ́n á mú álọ́ọ̀mù dání, wọ́n á fi rò ó yí po yí po, wọ́n á wá fi ọmọrí dé e. Bílẹ̀ bá fi máa mọ́, gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ ti wà nísàlẹ̀, ẹ ó máa rí ojú yín lókè. «Omi ti tòrò» ni wọ́n máa ń sọ. Ohun tí wọtawọ́ọ̀kì ń ṣe náà nìyẹn, kọnkéré kàn ni àmù tiwọn. Ilé ìmómitòrò, èmi fara mọ́ ọn. Ká wá ní «iná sólà ló ń gbé e ṣiṣẹ́», ó tán. Ẹ ní sólà kì í ṣe Yorùbá, búrẹ́dì tẹ́ ẹ jẹ láàárọ̀ ń kọ́?

Ẹni tó ní ká pe pánẹ́ẹ̀lì orí omi ní «oòrùn ojú omi», ìyẹn náà ò lọ. Lọ́dún 2016 wọ́n to pánẹ́ẹ̀lì tó lé ní 23,000 sójú àdágún Queen Elizabeth II nítòsí Lọ́ńdọ̀nù, agbára iná wọn jẹ́ mẹ́gáwáàtì 6.3, ó ń gbé iná fún ilé-iṣẹ́ omi. Ṣé oòrùn ló wà lójú omi yẹn ni? Pánẹ́ẹ̀lì tó léfòó ni, ẹ pè é ní àléfòó. Bí wọ́n bá to irú ẹ̀ sójú dáàmù odò Ọbà wa níbí lọ́la, orúkọ ti wà nílẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní bàbá yín ń sun rárà láàfin, ìdí nìyẹn tí Yorùbá fi jẹ́ tiyín. Mo bọ̀wọ̀ fún bàbá, ṣùgbọ́n ṣé wọ́n sọ olóòrùn rí nínú rárà?

Ẹni tó wá kọ̀wé lánàá pé «sẹ́» àti «jọ̀» ò yàtọ̀, pé «ìjọmi» ló yẹ ká máa pe fífi yanrìn sẹ́ omi, ọ̀rọ̀ tiyín ló le jù. Èlùbọ́ là ń jọ̀, ohun gbígbẹ ni. Ògì là ń sẹ́, torí omi wà nínú ẹ̀. Ológì ló bí mi, ọ̀jọ̀gbọ́n kankan ò lè fìyẹn tàn mí jẹ. Ẹ kọ́kọ́ sọ fún wa, kí ni wọ́n fi ń jọ omi nílé tiyín?