wavdetect ń mú orísun X-ray tí kò sí jáde létí chip ACIS-I

Ìbéèrè
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Mo ń to orísun X-ray (ohun ojú ọ̀run tó ń tú X-ray jáde) jọ láti inú àwòrán méjì tí Chandra, awò awọ̀nàjíjìn X-ray, fi kámẹ́rà rẹ̀ ACIS-I yà níbì kan náà lójú ọ̀run. Mo ti ṣe chandra_repro (tó ń tún dátà ṣe) àti fluximage (tó ń ṣe àwòrán, 0.5–7 keV), mo sì fún wavdetect, ètò tó ń wá orísun nínú àwòrán, ní scales (ìwọ̀n tó fi ń wá wọn) 1 2 4 8 16, sigthresh (ààlà fún ayédèrú) 1e-6. Ti àárín dára. Àmọ́ etí chip (awẹ́ tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà) kún fún orísun tí mi ò gbà gbọ́, àwọn mìíràn tún tò gbọọrọ sórí ìlà kan. Bí mo bá sì da àkójọ méjèèjì pọ̀, orísun kan náà ń wọlé lẹ́ẹ̀mejì.

Ìdáhùn 1
Ṣé ẹ fún un ní expfile, ìyẹn fáìlì exposure map tó ń fi hàn bí ibì kọ̀ọ̀kan nínú àwòrán ṣe gba ìmọ́lẹ̀ tó? Láìsí exposure map, wavdetect ò mọ̀ pé chip ló parí síbẹ̀. Iye photon (ẹyọ ìmọ́lẹ̀) tó já wálẹ̀ lójijì ló ń pè ní orísun. Fluximage ti ṣe fáìlì náà fún yín, ẹ wá èyí tí orúkọ rẹ̀ parí sí .expmap.

Psffile, tó ń sọ bí ìmọ́lẹ̀ orísun ṣe ń fẹjú tó níbì kọ̀ọ̀kan, náà kò ṣe é fò. Ẹ fi mkpsfmap ṣe é, energy 2.3 (keV), ecf (ìdá ìmọ́lẹ̀ orísun tí ẹ fẹ́ kà) 0.393. Píkísẹ́lì ACIS kan jẹ́ 0.492″. Láàárín gan-an, píkísẹ́lì díẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ orísun kan ń gbà. Tó bá fi 10′ jìnnà sí àárín, ó ti fẹjú, ó sì ti wọ́. Bí wavdetect ò bá mọ ìyẹn, ó lè pín ẹyọ kan sí méjì mẹ́ta.

Ẹ má sì retí pé ayédèrú ò ní sí rárá. 1e-6 túmọ̀ sí bí ẹyọ kan nínú mílíọ̀nù píkísẹ́lì. Chip kan jẹ́ 1024 × 1024, mẹ́rin ló wà nínú ACIS-I, nítorí náà bíi mẹ́rin nínú àwòrán kan bójú mu, tí binsize (bí píkísẹ́lì àwòrán ṣe tóbi sí ti chip) bá jẹ́ 1.

Ìdáhùn 2
Ìlà yẹn, readout streak ni mo fura sí. ACIS ò ní ìdérí tó ń pa dé: lẹ́yìn ìṣẹ́jú-àáyá 3.2 kọ̀ọ̀kan, bó ṣe ń ka chip jáde náà ni photon ṣì ń wọlé, ti orísun tó mọ́lẹ̀ gan-an á wá tàn ká gbogbo òpó píkísẹ́lì yẹn. Ẹ ṣí evt2 (fáìlì àkójọ photon) nínú ds9, ètò tó ń fi àwòrán hàn. Tí ìlà náà bá bá CHIPY (ìhà tí òpó píkísẹ́lì chip kọjú sí) lọ, tó sì gba àárín orísun ńlá kan kọjá, òun náà nìyẹn. Ẹ má kàn pa gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀ rẹ́ o, ojúlówó lè wà níbẹ̀. Ẹ fi acis_streak_map ṣe àwòrán ìlà náà, kí ẹ fún wavdetect gẹ́gẹ́ bí bkginput, ìyẹn ìmọ́lẹ̀ ẹ̀yìn tí kì í ṣe ti orísun.

Ẹ tún yẹ àwọn tí photon wọn kéré wò. Ẹ fi dmlist (tó ń to dátà jáde) wo time, chipx àti chipy wọn, ìyẹn àkókò àti ipò wọn lórí chip. Chandra máa ń mì jẹ́jẹ́ bó ṣe ń ya àwòrán, nítorí náà photon ojúlówó á rìn káàkiri lórí chip. Tí gbogbo wọn bá jókòó sójú píkísẹ́lì kan ṣoṣo, tí wọ́n tẹ̀ léra láàárín ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀, afterglow ni, ìyẹn àmì tó ṣẹ́ kù nínú chip fúnra rẹ̀, kì í ṣe orísun. Ẹ yọ ọ́.

Olùbéèrè
Ẹ ṣeun gan-an, mi ò fún un ní expfile lóòótọ́. Ti àwọn tó ń wọlé lẹ́ẹ̀mejì ńkọ́?

Ìdáhùn 3
Ẹ kọ́kọ́ mú àwòrán méjèèjì bára mu: wcs_match (tó ń fi ipò orísun wéra), lẹ́yìn náà wcs_update (tó ń tún ipò ṣe), kí ẹ lo àwọn tó mọ́lẹ̀ tó sì sún mọ́ àárín, kí ẹ fi wọ́n wé Gaia, àkójọ ipò àwọn ìràwọ̀. Ẹ má lo 1″ kan náà fún gbogbo wọn tí ẹ bá ń da wọ́n pọ̀. Kí àyè tí ẹ fún orísun kọ̀ọ̀kan tẹ̀ lé àṣìṣe ipò tirẹ̀, torí ti etí pọ̀ ju ti àárín lọ dáadáa.

Èyí tó bá wà nínú ọ̀kan tí kò sí nínú èkejì, ẹ má kọ òdo síbẹ̀. Ẹ ṣe srcflux (tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ orísun) sí ipò yẹn gan-an nínú èkejì, kí ẹ kọ òkè ìwọ̀n tó lè dé. Ọ̀pọ̀ orísun X-ray ló ń tàn tó tún ń rẹ̀ sílẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ wá wọn nínú àkójọ yín á nílò nọ́ńbà yẹn.