Pompeii kì í ṣe ahoro: èrò mi lórí ọ̀rọ̀ tí a ń wá

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Àbúrò wa tó ń kọ ìtàn Pompeii, ìlú Róòmù àtijọ́ kan ní Ítálì tí eérú òkè ayọnáyèéfín bò mọ́lẹ̀, fún àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì bi wá pé kí ni kí òun máa pe irú ìlú bẹ́ẹ̀ ní Yorùbá. Ẹ̀gbọ́n kan ní "ahoro ìlú", ẹlòmíràn ní "ìlú tó tú". Mi ò fara mọ́ méjèèjì.

Bí ìlú bá tú, àwọn ará ibẹ̀ ló kó ẹrù wọn lọ tẹ ibòmíràn dó. Bó bá di ahoro, wọ́n ti lọ tipẹ́, igbó ti gba ilé, ògiri ti di àlàpà. Bí a ṣe ń sọ ọ́ nípa Ọ̀yọ́-Ilé nìyẹn. Ní Ítálì, ó bá Ostia mu: èbúté Róòmù ni, iyẹ̀pẹ̀ odò Tiber dí ẹnu omi, òwò kúrò níbẹ̀, èèyàn ń dín kù títí ó fi dahoro. Selinunte ní Sicily ńkọ́? Ogun àwọn ará Carthage, ìlú kan ní Àríwá Áfíríkà, ló fọ́ ọ ní ọdún 409 ṣáájú Kristi. "Ìlú tí ogun fọ́" ti tó fún ìyẹn.

Ti Pompeii yàtọ̀. Ilẹ̀ mì tìtì níbẹ̀ ní ọdún 62, àtúnṣe ò sì tíì parí nígbà tí òkè ayọnáyèéfín Vesuvius bú gbàù ní ọdún 79. (Oṣù kẹjọ la máa ń kà nínú ìwé, ṣùgbọ́n àkọlé tí ẹnìkan fi èédú kọ sára ògiri, tí wọ́n rí ní 2018, ń tọ́ka sí oṣù kẹwàá.) Òkúta fúyẹ́fúyẹ́ ló kọ́kọ́ rọ̀ títí òrùlé fi ń wó. Lẹ́yìn náà ni eérú gbígbóná ya wọ ìlú. Ọ̀pọ̀ ti sá lọ. Àwọn tó kù, eérú le mọ́ wọn lára. Nígbà tí ara jẹrà, àyè rẹ̀ ṣófo sínú ilẹ̀. Ní 1863 ni Giuseppe Fiorelli, awalẹ̀pìtàn ará Ítálì, bẹ̀rẹ̀ sí da POP (plaster of Paris) pípò sínú àwọn àyè wọ̀nyẹn, ìrísí èèyàn sì yọ, títí kan ẹni tó fọwọ́ bojú. Wọ́n bá búrẹ́dì nínú ààrò kan tí ẹnikẹ́ni ò kó jáde. Ahoro a máa ṣófo. Èyí kò ṣófo.

Ẹnìkan dábàá "ìlú tí eérú sin". Èèyàn ló ń sin òkú, tẹ̀yẹtẹ̀yẹ. Kò sẹ́ni tó sin àwọn yìí. Bíbò ni eérú bò wọ́n. "Ìlú àbòmọ́lẹ̀" ni mo mú wá. Ẹ ó ní ẹni tó bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ ń fi nǹkan pamọ́. Mo fẹ́ ìtumọ̀ yẹn náà, torí orúkọ ìlú ọ̀hún pàápàá sọnù. La Civita, ìyẹn "ìlú" lásán, ni àwọn ará àdúgbò ń pe ibẹ̀. Ní nǹkan bí 1592, Domenico Fontana, ayàwòrán-ilé kan, gbẹ́ ọ̀nà omi gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, ó rí ògiri, kò mọ̀ pé Pompeii ni. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí wà á ní 1748, síbẹ̀ ó di 1763 kí àkọlé kan tó jẹ́ kí wọ́n mọ orúkọ rẹ̀. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ ṣì wà lábẹ́ ilẹ̀ dòní.

Kí àbúrò wa fi "àlàpà" sílẹ̀ fún àwọn ògiri tó dúró níta báyìí. Ó tún ku òkúta fúyẹ́fúyẹ́ yẹn, èyí tó ń léfòó lórí omi. Ta ló ní ọ̀rọ̀ fún un?