"Àbójútó" kọ́ o, ẹ jẹ́ ká wá ọ̀rọ̀ mìíràn

Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín o. Ẹ̀gbọ́n tó kọ̀wé ṣáájú mi ní kí á máa pe ohun táwọn ará ọ́fíìsì ń pè ní M&E (monitoring and evaluation, ìyẹn wíwo iṣẹ́ bó ṣe ń lọ àti wíwọn àbájáde rẹ̀) ní "àbójútó àti ìgbéléwọ̀n", ká lè lò ó fún iṣẹ́ àkànṣe ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́. N ò bá wọn jà lórí ìgbéléwọ̀n. Èyí àkọ́kọ́ ni ò wọ̀ mí létí.

Ẹni tó ń bójú tó nǹkan, ọwọ́ rẹ̀ ni nǹkan ọ̀hún wà. Ìyá ń bójú tó ọmọ. Bí ọmọ bá ṣubú, ìyá la ó bi. Ẹ wo iṣẹ́ TETFund. Òfin ọdún 2011 ló gbé àjọ ìjọba àpapọ̀ yìí kalẹ̀, láti máa fi owó orí àwọn ilé-iṣẹ́ ṣe nǹkan fún yunifásítì, pólì àti kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ tó jẹ́ ti ìjọba. Òṣìṣẹ́ tó bá gbé fáìlì wá láti Àbújá láti wo kíláàsì tí wọ́n ń kọ́, òun kọ́ ló ń po sìmẹ́ǹtì, òun kọ́ ló gba kọ́ńtíráàtì. Wíwò ló wá wò. Alábòójútó iṣẹ́ wà níbẹ̀ lọ́tọ̀, ó dé akoto. Bí àwọn méjèèjì bá ń jẹ́ orúkọ kan náà, ta la ó mú lọ́jọ́ tí òrùlé bá jò?

Ẹnìkan tún ní "ìtọpasẹ̀". Ipasẹ̀ ẹni tó ti kọjá la máa ń tọ̀. Iṣẹ́ tí à ń wí yìí ṣì ń lọ lọ́wọ́. (Ìtọpinpin ńkọ́? Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún ọlọ́pàá.)

Ẹ bá mi dé Ìtòkú, ọjà àdìrẹ l'Abẹ́òkúta. Aládìrẹ tó ri aṣọ bọ ìkòkò aró kì í fi í síbẹ̀ lọ sùn. Á fà á yọ, á jẹ́ kó gba atẹ́gùn. Yóò kọ́kọ́ dà bí ewé, atẹ́gùn ni yóò sọ ọ́ di búlúù. Á wò ó, á tún rì í. Bí kò bá tíì dú tó, àtúnṣe ṣì wà. Lọ́jọ́ tó bá sá a gbẹ, tó tẹ́ ẹ síwájú oníbàárà, tí ìyẹn ń yí etí aṣọ wò bóyá ó máa ṣí, ìgbéléwọ̀n nìyẹn. Èyí tó ṣe nídìí ìkòkò ni mo fẹ́ ká pè ní "àyẹ̀wò-lẹ́nu-iṣẹ́". Mo mọ̀ pé ó gùn.

Ìgbéléwọ̀n náà ní wàhálà tirẹ̀ ṣá. Ọmọ tó ń kàwé NCE (ìwé-ẹ̀rí olùkọ́) ní kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ tó wà ní Òsíẹ̀lẹ̀ níbí, ìparí nóòtì ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ló ti mọ̀ ọ́n, ìbéèrè tí tíṣà ń bi ọmọ kíláàsì. Ẹ jẹ́ ká fi "iṣẹ́ àkànṣe" gbè é lẹ́yìn.

Mo ti bá àwọn olùyẹ̀wò mú bírò rí, ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan, lórí iṣẹ́ tí kì í ṣe ti TETFund. Wọ́n ka kọ̀ǹpútà, ó pé. Wọ́n ka àga, ó pé. Wọ́n máàkì fọ́ọ̀mù. Ọ̀rá tí wọ́n fi kó kọ̀ǹpútà wá ṣì wà lára rẹ̀, eruku ti bò ó, kò sì sẹ́ni tó bi akẹ́kọ̀ọ́ kankan bóyá ó ti tẹ̀ ẹ́ rí. Kíkà ni wọ́n kà á. Ẹni tó bá lórúkọ fún ìyẹn kó mú un wá, ṣùgbọ́n kó má pè é ní ìgbéléwọ̀n fún mi.